Káàdì ọsíbítù ìyá ọkọ mi, àti owó ọkọ̀ ojú omi tí kò padà wá

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ọjọ́ ìbí o. Ẹ ó ṣe é lójú gbogbo wa, láṣẹ Ọlọ́run. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà ṣì yín gbọ́. Ẹ̀yin 14 nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, ẹgbẹ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, tẹ́ ẹ máa pé ọgọ́ta ọdún lọ́dún tó ń bọ̀ fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ láti Barcelona ní Sípéènì, ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí omi. Éjẹ́ǹtì ní kí ẹ san àsansílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, èyí tí kò ní àdápadà, torí pé ó dínwó ju èyí tí wọ́n lè dá padà lọ. Ó tún ní inṣọ́ránsì tẹ́ ẹ máa fi gba físà ti tó, kí ẹ má ra òmíràn. Ẹ wá sọ pé méjì nínú yín ṣì ní ìyá láyé, àwọn màmá náà sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó yẹn lọ́jọ́ Ẹtì.

Lọ́dún 2023, èmi àti ọkọ mi fẹ́ fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ọgbọ̀n ọdún ìgbéyàwó wa. Oṣù kẹta la san àsansílẹ̀, dọ́là 580. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá lọkọ̀ máa ṣí, ìwé àdéhùn sì sọ pé nígbà tó bá ku 90 ọjọ́, ìyókù owó gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọ̀sẹ̀ Iléyá gan-an ló bọ́ sí. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tú náírà sílẹ̀ láàárín oṣù kẹfà yẹn ni. Dọ́là tí báǹkì ń ṣírò ní bíi 470 náírà ti kọjá 700 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo ta ẹrù léèsì kan ní Òkè Ajé ní iye tí mi ò jẹ́ tà á láéláé, ká lè rí dọ́là 2,280 tó kù san. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo ìlú ti ya lọ sí Ojúde Ọba, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń gẹṣin kọjá, ẹ̀yìn àgọ́ ni mo wà tí mo fi fóònù mọ́ etí, tí mò ń bi éjẹ́ǹtì léèrè bóyá owó ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Inṣọ́ránsì kò sí lọ́kàn wa nígbà yẹn. Ó di oṣù keje, lẹ́yìn tí gbogbo owó ti wọlé, ká tó rà á, bí ìgbà tí èèyàn ra agbòjò lẹ́yìn tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó ná wa ní gbogbo rẹ̀ nìyẹn, a ò sì mọ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń bá wa gbé, ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá àsùbáà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Kí mọ́tò tó máa gbé wọn lọ sí ọsíbítù tó dé, wọ́n ti dákẹ́. Kó tó di àkókò ìrun alásárì a ti sin wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ogún ọjọ́ ló kù kí ọkọ̀ ṣí. Ọkọ mi ni àkọ́bí wọn. Ọjọ́ kẹjọ wà níwájú, ogójì ọjọ́ wà níwájú, àwọn àlejò sì ń wọlé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Ṣàgámù, láti Èkó. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún wa pé a ò lè lọ mọ́.

A kọ̀wé fagi lé ìrìn àjò náà. Nínú ìwé àdéhùn tiwa, tó bá ti ku ọgbọ̀n ọjọ́ sísàlẹ̀, gbogbo owó ló lọ. Mo ní kò burú, ṣebí a ní inṣọ́ránsì.

Iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ní ká fi ìwé ẹ̀rí ikú ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé dókítà tó sọ ohun tó pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n, èwo nínú rẹ̀ la ní? Ẹni tó kú nílé lówùúrọ̀, tí wọ́n sin kó tó dalẹ́, dókítà wo ló rí i? Mo lọ sí ọ́fíìsì àjọ ètò ìkànìyàn, àwọn ló ń forúkọ ikú sílẹ̀, mo lọ mo bọ̀ títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí ikú. Ti dókítà ló kù. Ni mo bá rántí káàdì ọsíbítù Màmá. Inú àpótí aṣọ wọn ló wà, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú Kùránì wọn. Káàdì pupa rẹ́súrẹ́sú ni, etí rẹ̀ ti ṣá. Dókítà ti fi bírò búlúù kọ ọ́ sínú rẹ̀ lóṣù karùn-ún pé ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 190/110, ó sì yí oògùn wọn padà. Inú mi dùn. Mo rò pé ẹ̀rí ti dé. Mo ya tojú tẹ̀yìn rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí wọn.

Káàdì yẹn ni wọ́n fi já wa sílẹ̀. Èsì wọn ni pé ìyá náà ti ń gbàtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín 180 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ tí a ra inṣọ́ránsì, àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni, inṣọ́ránsì wa kò sì bò ó. Mo gbé ìwé wọn jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó sórí ẹní nínú yàrá Màmá, mo kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òkè délẹ̀. Ojú ewé kọkànlá ló wà. Ó sọ pé òfin àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀ kan àwọn ìbátan tó wà nílé náà, kì í ṣe arìnrìn-àjò nìkan. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n máa yọwọ́ òfin yẹn fún ẹni tó bá ra inṣọ́ránsì láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tó san àsansílẹ̀. Oṣù kẹta la san àsansílẹ̀. Ká ní a ti rà á lọ́sẹ̀ yẹn ni, ikú kan náà, káàdì kan náà, wọn ì bá sanwó fún wa.

Ohun tó padà sọ́wọ́ wa kò ju dọ́là 236 lọ. Owó orí àti owó èbúté ni, èyí tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ máa ń dá padà fẹ́ni tí kò bá wọkọ̀, torí wọn ò ní san án fún èbúté mọ́ lórí rẹ̀. Éjẹ́ǹtì kò sọ ọ́. Èmi ni mo kọ̀wé béèrè.

Ẹ wá jẹ́ ká wo tiyín. Inṣọ́ránsì físà Schengen tí éjẹ́ǹtì ń wí, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí Sípéènì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ìtọ́jú àìsàn òjijì lọ́hùn-ún ló wà fún, àti gbígbé èèyàn tàbí òkú rẹ̀ padà sílé. Ó gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000 kí wọ́n tó gbà á. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ gbọ́dọ̀ ní i. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fagi lé ìrìn àjò kí ẹ tó kúrò nílé, kò kàn án rárá. Èyí tẹ́ ẹ nílò ni èyí tí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ó ń san owó ìrìn àjò tí a fagi lé. Nínú rẹ̀ náà, ẹ wo ọ̀rọ̀ físà dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í san kọ́bọ̀ tí ẹ́ḿbásì bá kọ̀ fún èèyàn. Fún àwa tó ń gbé Ìjẹ̀bú, ẹ̀rù físà bà mí ju ẹ̀rù àìsàn lọ. Ẹni 14 ni yín. Ẹ má retí pé gbogbo yín ló máa rí i gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà tí mo gbà rí i rèé. Èèyàn lè béèrè fún físà náà láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 15 láti dáhùn, ó sì lè fà dé 45. Tí gbèdéke owó ìyókù yín bá jẹ́ 90 ọjọ́ bíi tiwa, àyè wà láàárín. Ẹ san àsansílẹ̀ tó ní àdápadà, kódà bó bá wọ́n ju èkejì lọ. Ẹ tètè wá ọjọ́ tí wọ́n máa rí yín ní Èkó, kí èsì físà ti wà lọ́wọ́ yín kí owó ńlá tó jáde. Ẹni tí wọn ò bá fún, kó yọ nígbà yẹn, kó gba owó rẹ̀. Ẹ tún wo àwọn èbúté tí ọkọ̀ máa yà sí. Tó bá ya Túrkì tàbí Tùnísíà kó tó padà sí Barcelona, ẹ ti jáde kúrò ní Schengen nìyẹn, físà àwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò ní gbé yín padà wọlé.

Ọ̀rọ̀ yàrá náà wà níbẹ̀. Méjìméjì lẹ máa sùn. Tí ẹnì kan bá yọ, wọ́n lè ní kí ẹnì kejì san owó ẹni tó dá yàrá gbé. Ẹ béèrè bóyá inṣọ́ránsì máa san àlékún yẹn fún ẹni tó kù.

Àwọn ọmọ yín tó wà nílùú Ọba lè fẹ́ bá yín rà á níbẹ̀. Ẹ má gbà. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ni wọ́n ń ta èyí fún. Tí ọ̀ràn bá dé, àdírẹ́sì ilé ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Ẹ ra èyí tó gba ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà. Tó bá sì jẹ́ iléeṣẹ́ ilẹ̀ wa, òfin inṣọ́ránsì ti là á kalẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò ní ààbò kankan. Éjẹ́ǹtì tó bá ní “mo ti bá yín ṣe é, ẹ ó san tó bá yá” kò tíì ṣe nǹkan kan fún yín.

Ní ti àwọn màmá méjèèjì: ṣé wọ́n ń lo oògùn? Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ohun yòówù kó jẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn bó ṣe wà, ẹ má fi pamọ́ kí owó lè dínkù. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 yẹn, kí ẹ sì ra inṣọ́ránsì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá san àsansílẹ̀ gan-an. Ẹ tún wo àwọn tí wọ́n kà sí ìbátan. Tó bá jẹ́ àbúrò ìyá ló tọ́ ẹnì kan nínú yín dàgbà, ìyá rẹ̀ ni lójú gbogbo wa, àmọ́ àwọn ìwé kan ò kà á mọ́ ẹbí. Tí ìṣẹ̀lẹ̀ bá sì ṣẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kí dókítà rí aláìsàn kí ẹ tó kọ̀wé fagi lé ìrìn àjò, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ gba ìwé inṣọ́ránsì náà lódindi lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì lónìí, kì í ṣe ojú ewé kan tí wọ́n fi ń polówó. Ẹ ya á ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo wà lọ́jà títí di aago mẹ́fà. Tí mo bá kírun ìṣáì tán, mo máa jókòó, ká jọ kà á.