Ẹ Má Tíì Fi Àmì Sí I

ÌBÉÈRÈ: Mo kí yín o, ẹ̀yin olóòtú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbarà ni mò ń gbé níbí l'Abẹ́òkúta. Mo ti kọ ìwé ìtàn àròsọ kan parí, ojú-ewé 240. Ó dá lé ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Láfẹ́nwá nígbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn. N kò fi àmì ohùn sí i. Ọmọkùnrin kan tó ń bá èèyàn tẹ̀wé ní Ìtòkú ní òun á bá mi tún un ṣe láàárín ọjọ́ 3, òun á fi àmì sí i, kọ̀ǹpútà á sì yẹ àkọtọ́ rẹ̀ wò, kó lè tètè dé ilé ìtẹ̀wé. Ṣé iye tó pè é kò pọ̀ jù? Mo fi orí méjì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ kí ẹ lè wò ó.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú oríire pé ẹ kọ ọ́ dópin. Àmọ́ ọ̀rọ̀ iye kọ́ ló kàn báyìí. Ká tiẹ̀ ní ọmọkùnrin yẹn fẹ́ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, mo máa ní kẹ́ ẹ dá a dúró ná.

Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, inú sì ti ń bí mi sí i. Àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò. Wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ti fi àìsùn kọ ọ́, wọ́n á da àmì bo gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ ara wọn sí iwájú pé àwọn ni olóòtú, wọ́n á gbowó. Ẹni tó bá ra ìwé náà á kà á dé orí kejì, á gbé e sílẹ̀, àmì ohùn ò sì lẹ́bi kankan níbẹ̀. Ojú-ewé 240 láàárín ọjọ́ 3, ọgọ́rin lójúmọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe ọgọ́rin lójúmọ́ kò ka ìtàn yín, àmì ló ń tò.

Àmì àti àkọtọ́ ló kẹ́yìn nínú iṣẹ́ àtúnṣe. Tí ẹ bá fi wọ́n ṣíwájú, ẹ máa sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà ni yín, ohun tí mò ń sọ á yé yín. Ká ní ẹ kọ ọ́ pé “Àkànbí ra bàtà.” Nígbà tó yá, ẹ rí i pé ẹ ti dárúkọ bàtà náà lókè, ẹ wá yí i sí “Àkànbí rà á.” Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò gba àmì tẹ́lẹ̀ ti gba àmì ìsàlẹ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan péré lẹ fọwọ́ kàn. Ẹ wá wo ìwé tí orí mẹ́ta máa kúrò nínú rẹ̀, tí òmíràn máa ti ẹ̀yìn bọ́ síwájú. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tó ti sanwó àmì lórí ojú-ewé kan kì í fẹ́ gé e mọ́. Owó rẹ̀ á máa dùn ún, á wá fi ojú-ewé tí kò wúlò sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo orí méjì tí ẹ fi ránṣẹ́. Nínú orí kìíní, Àkànbí jí, ó gbàdúrà, ó fi pákó họ eyín, ìyá rẹ̀ kì í, ó fi àkàrà mu ẹ̀kọ, ó kí gbogbo ará ilé níkọ̀ọ̀kan, ó lọ síbi iṣẹ́. Ìparí orí kejì ni ọ̀gá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé àpò kòkó tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ kò pé mọ́. Ibẹ̀ ni ìtàn yín ti bẹ̀rẹ̀! Gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ nílò rẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ Àkànbí. Òǹkàwé ò nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà ti dé ibùdókọ̀ ojú irin, kí ọ̀gá ti máa pè é. Oríkì tí ìyá rẹ̀ kì dùn, ẹ má sọ ọ́ nù; ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, á wúlò níbẹ̀.

Ẹ tún kọ ọ́ pé: “Inú bí Àkànbí, ó bínú púpọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì sọ pé inú ń bí òun.” Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni inú bí ènìyàn kan ṣoṣo nínú gbólóhùn kan. Lójú-ewé tó tẹ̀ lé e, ẹ wá kọ ọ́ pé ó ká ìwé ẹrù náà sí mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú fìlà rẹ̀, ó dé fìlà náà, ó sì jáde láì dágbére fún ọ̀gá. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ọdún wá ńkọ́? Ẹ ní 1971 ni, pọ́n-ùn là ń ná. Síbẹ̀ Àkànbí fún awakọ̀ ní náírà méjì. Oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Ọ̀gá rẹ̀ halẹ̀ pé òun á kọ̀wé sí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìpínlẹ̀ tí wọn ò dá sílẹ̀ títí di 1976. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ sì ní ọkọ̀ ń gbà lórí afárá. Rárá o, ọwọ́ òsì là ń gbà nígbà yẹn, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni gbogbo Nàìjíríà yí sọ́wọ́ ọ̀tún. Kọ̀ǹpútà wo ló máa rí ìyẹn? Kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé ìlà pupa ló ń fà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá, bí ẹni pé èébú la kọ.

Nítorí náà, ẹ gbé ìwé náà tì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ojú yín lè tutù sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ mú bírò, ẹ kà á tán láì tún ohunkóhun kọ. Ìlà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ewé ti tó. Ẹ wá fi ìlà kan ṣoṣo kọ ohun tó yí padà nínú orí kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kékeré. Orí tí ẹ ò bá rí nǹkan kọ sí iwájú rẹ̀, ẹ mọ ohun tó tọ́ sí i. Ìgbà tí ìyẹn bá parí lẹ tó máa bọ́ sórí gbólóhùn, lẹ́yìn gbólóhùn ni àmì. Ìgbà yẹn náà lẹ máa yí àwọn “aiye” àti “enia” yín padà sí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Mo mọ̀ pé ti àtijọ́ lẹ kọ́ nílé ìwé. Ẹ̀gbá tí ìyá Àkànbí ń sọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “àtúnṣe” bà á jẹ́ o.

Ní ti owó, n kò lè dá iye lé ìwé tí n kò kà tán. Orí méjì péré ni mo rí, ó lè jẹ́ pé ibi tó kù dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n ẹ má san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ẹ ní. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ buwọ́ lùwé pé ìwé ti di ti ẹ̀yin àti òun, lọ́yà ni kẹ́ ẹ lọ bá, kì í ṣe èmi.

Ọmọ Ìtòkú yẹn ńkọ́? Ẹ fún un ní orí kìíní yìí, kó kà á, kó sọ fún yín ohun tí Àkànbí ń wá, kó sì tọ́ka sí ojú-ewé tí ó sú u. Bí ó bá ní kò sí ìṣòro, àmì ló kù, ẹ jẹ́ kó bá yín tẹ̀ ẹ́ nìkan, kẹ́ ẹ sì sanwó ìtẹ̀wé fún un.