Ṣé ẹni tó dáná sunlé kàn tọrọ àforíjì ni, ó parí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Amòfin. Mò ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan ní yunifásítì. Mo kà pé ní Timor-Leste, ẹni tó dáná sun ilé aládùúgbò rẹ̀ lọ́dún 1999 kàn jókòó sórí ẹní, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ṣé òfin nìyẹn, àbí wọ́n kàn bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Òfin ni, ó sì le ju bí ẹ ṣe gbọ́ ọ lọ.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 1999, àwọn ará Timor-Leste (ìdajì erékùṣù kan ní Éṣíà ni, abẹ́ Indonesia ló wà nígbà náà; Indonesia ló ni ìdajì kejì) dìbò pé àwọn ò bá Indonesia ṣe mọ́. Ìdá 78.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ bẹ́ẹ̀. Làwọn jàǹdùkú tí ológun Indonesia ń tì lẹ́yìn bá ń tiná bọlé kiri. Ọmọ abúlé náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, abúlé yẹn náà ni wọ́n sì fẹ́ padà sí. Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo wọn lọ kóòtù? Kóòtù pàápàá ti jóná.

Ni wọ́n bá fi òfin dá ìgbìmọ̀ òtítọ́ kan, CAVR, sílẹ̀ lọ́dún 2001. Nígbà náà, olè jíjà, lílù, ilé sísun, ìwọ̀nyí lè dé orí ẹní. Ìpànìyàn àti ìfipábánilòpọ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jókòó á kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tó ṣe sílẹ̀, á fọwọ́ sí i. Ìwé náà á lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wà lọ́rùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìjókòó, wọ́n á tẹ́ ẹní lójú gbogbo abúlé. Àgbà tí wọ́n ń pè ní lia-na'in, ìyẹn ẹni tó ni ọ̀rọ̀, á wà níkàlẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ jóná á bi í lójúkojú: ta ló rán ẹ? Ta lẹ jọ wá? Ẹní tí wọ́n bá ti tẹ́, wọn kì í ká a àfi tọ́rọ̀ bá yanjú. Wọ́n lè ní kó bá wọn tún nǹkan ìlú ṣe, tàbí kó san nǹkan fún ẹni tó ṣẹ̀. Àdéhùn yẹn á dé kóòtù, á di àṣẹ kóòtù. Ìgbà tó bá mú un ṣẹ tán ni ẹjọ́ tó kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn 1,371 ló là á kọjá.

Ibi tó ń dùn mí ni ti àwọn tó rán wọn níṣẹ́. Ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹ̀ṣẹ̀ ńláńlá bí ìpànìyàn nígbà náà fẹ̀sùn kan àwọn tó fẹ́ẹ̀ tó 400, àmọ́ 84 péré ni wọ́n dá lẹ́bi. Àwọn tó lé ní 300 wà ní Indonesia, Indonesia ò sì yọ̀ǹda wọn. Wiranto, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọmọ ogun Indonesia nígbà náà, wà lára wọn. Lọ́dún 2004, ó jáde dupò ààrẹ.