Ọgbọ̀n àlejò, kóńgò ìrẹsì mẹ́ta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi máa pé ogójì ọdún lóṣù tó ń bọ̀, a sì fẹ́ pe bí ọgbọ̀n èèyàn sílé wa ní Ṣómólú lọ́jọ́ Sátidé. Pálọ̀ kan àti yàrá kan la ní, àwa àtàwọn aládùúgbò la sì jọ ń lo àgbàlá. Owó ọwọ́ wa ò tó nǹkan, a ò sì fẹ́ tìtorí ọjọ́ kan jẹ gbèsè. Báwo la ṣe máa ṣe é tó máa dùn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o. Ibi àkókò ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń pinnu iye tẹ́ ẹ máa ná. Ìnáwó tó bá bẹ̀rẹ̀ láago méjìlá, oúnjẹ ọ̀sán àti talẹ́ lẹ máa fún èèyàn. Ẹ sọ fún wọn pé aago mẹ́ta. Ẹ̀yin náà mọ Èkó, ó di aago mẹ́rin kí wọ́n tó pé, wọ́n á sì ti fi nǹkan kan sẹ́nu nílé. Ẹ tún sọ ìgbà tó máa parí, aago mẹ́jọ.

Ẹ pe ọgbọ̀n, ẹ se ti ogójì. Mo-gbọ́-mo-yà ò ní ṣàìwá, àwọn aládùúgbò náà sì gbọ́dọ̀ jẹ. Abọ́ tẹ́ ẹ bá gbé fún wọn ni wọ́n á fi fara da ariwo.

Oúnjẹ gidi kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ sè. Ẹni tó ní òun máa se ìrẹsì, kó ro àmàlà, kó tún se mọ́ínmọ́ín, ìkòkò mẹ́ta, gáàsì mẹ́ta àti ẹran ọ̀nà mẹ́ta ló ń rà. Jọ̀lọ́ọ̀fù ló rọrùn jù, bẹ́ ẹ bá mọ ibi tó ti ń bàjẹ́.

Kóńgò kan tó bíi kílò kan ààbọ̀, ó sì ń bọ́ èèyàn méjìlá sí mẹ́tàlá. Kóńgò mẹ́ta á tó ogójì abọ́ tí ò kún jù. Ìrẹsì máa ń wú tó ìlọ́po mẹ́ta, nítorí náà, ìkòkò tẹ́ ẹ máa yá gbọ́dọ̀ gba lítà ogún, ó kéré tán. Ìkòkò kékeré ló ń ba jọ̀lọ́ọ̀fù jẹ́ jù: tòkè á le, tìsàlẹ̀ á jóná, ẹni tó ń fi ṣíbí rò ó á wá sọ tàárín di ẹ̀kọ.

Fún kóńgò mẹ́ta, ẹ ra tàtàṣé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tòmátò ogún, ata rodo méjìlá, àlùbọ́sà ńlá mẹ́jọ, tòmátò alágolo onígíráàmù 400 méjì àti òróró lítà kan. Ẹ lọ sí Mile 12 láàárọ̀ Jímọ̀, kẹ́ ẹ lọ ata lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fi òróró dín in fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí òróró á fi léfòó. Ata tí ò dín dáadáa ló máa ń jẹ́ kí jọ̀lọ́ọ̀fù kan lẹ́nu, kò sì sí iye mágì tó lè tún un ṣe.

Ẹ bọ ìrẹsì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ ṣàn án kí omi funfun tó ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra lè lọ. Ata àti omi ẹran ò gbọdọ̀ bo ìrẹsì ju oríkèé ìka kan lọ. Ẹ fi fóìlì bò ó kẹ́ ẹ tó dé ọmọrí, kẹ́ ẹ sì fi iná kékeré sè é fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Bó bá gbẹ tó ṣì le, omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ wọ́n sí i, ife kan lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ ẹ bá gbóòórùn jíjóná, ẹ má fi ṣíbí kan ìsàlẹ̀ rárá. Ẹ bu tòkè sínú ìkòkò míì. Lẹ́yìn tó bá jinná, ẹ ṣí i díẹ̀ kí ooru jáde. Ìrẹsì gbígbóná tí wọ́n dé pa fún wákàtí mẹ́ta máa ń làágùn, ó sì ń kan.

Ní ti ẹran, adìyẹ láyà tí ò yé ẹyin mọ́ ni mo máa ní kẹ́ ẹ rà. Ó le, ó fẹ́ wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí iná, àmọ́ omi rẹ̀ ló máa fún ìrẹsì yín ládùn. Mẹ́rin, kẹ́ ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó dín in, ẹ tún kà á lẹ́yìn ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó di ṣíbí mú, ẹni tójú ò ní tì láti sọ pé ó ti tán.

Kí ìrẹsì tó jáde, pọ́fù-pọ́fù ni kẹ́ ẹ fi gba àlejò. Ìyẹ̀fun kílò kan, ṣúgà gíráàmù 200, yíìsì gíráàmù 10, iyọ̀ díẹ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ò tó lítà kan á fún yín ní bí ọgọ́ta. Ẹ jẹ́ kó wú fún wákàtí kan. Bí òróró ò bá gbóná tó, á mu òróró. Bó bá gbóná jù, á pọ́n lóde, inú á ṣì wà ní tútù.

Sóbò ni kó ṣáájú nínú mímu. Ìdajì kílò òdòdó ìṣápá gbígbẹ, atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tẹ́ ẹ fọ̀ dáadáa á tó lítà mẹ́wàá. Alẹ́ Jímọ̀ ni kẹ́ ẹ sè é, kì í pẹ́ kan. Ẹ fi ẹlẹ́rìndòdò díẹ̀ àti omi inú ọ̀rá àpò mẹ́ta kún un; ogún ló wà nínú àpò kan. Ẹ da yìnyín sínú báfù, kẹ́ ẹ sì da omi lé e. Yìnyín nìkan ò kan gbogbo ara ìgò, omi yìnyín ló ń yí i ká, ìyẹn ló ń jẹ́ kó tètè tutù.

Ẹ má ra abọ́ fóòmù funfun. Ìjọba Èkó ti fòfin dè é láti Oṣù Kìíní ọdún 2024. Ẹ yá abọ́ lọ́wọ́ ará ilé, kẹ́ ẹ kun ìdí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tiẹ̀, kó má baà dìjà. Ogún àga rọ́bà tó láti háyà, àwọn ọmọ á jókòó sórí ẹní.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé sípíkà, fáànù àti gílóòbù, kò lè gbé fírísà. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, èéfín rẹ̀ ń pààyàn.

Ẹ ò nílò ẹni tó máa gba owó láti di gbohùngbohùn mú. Ayò ọlọ́pọ́n, lúdò, àti ìbéèrè mẹ́wàá nípa baálé ilé (bàtà nọ́ńbà mélòó ló ń wọ̀, oúnjẹ wo ni kì í jẹ) ti tó. Ẹ ṣe é kí oúnjẹ tó jáde, torí ẹni tó bá ti yó á fẹ́ sùn. Kéèkì ni kẹ́ ẹ gé kẹ́yìn, láago méje ààbọ̀. Bí wọ́n bá ti gé e tán, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé ilé ti yá.