Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, àbí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ọ̀dọ̀ mi sì ni orúkọ àti ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ètò kọ̀ǹpútà tí a ń lò tẹ́lẹ̀ tì, a gba tuntun. Mo kó àkọsílẹ̀ jáde láti inú ti àtijọ́ sínú fáìlì CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà pààlà sáàárín rẹ̀), mo kó o wọ tuntun, ó sì gbà á láìjanpata. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé a kí àwọn kú ọjọ́ ìbí lọ́jọ́ tí kì í ṣe tàwọn. Ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹrin ti di ti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni pé ti àwọn mìíràn dára, kò yẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló dojú rú, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe.
Akọ̀wé Ẹgbẹ́

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ tún àwọn tó dára yẹn wò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ọjọ́ ìbí wọn bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù tàbí lẹ́yìn rẹ̀, àbí kí nọ́ńbà ọjọ́ àti ti oṣù jẹ́ ọ̀kan náà.

Ohun tí fáìlì yín kọ ni 03/04/1985. Ètò àtijọ́ kọ ọjọ́ ṣáájú, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ọ̀pọ̀ ibi láyé. Tuntun ń ka oṣù ṣáájú, bíi ti Amẹ́ríkà. Nígbà tó dé orí 25/04/1985, ó wá oṣù 25 tì, ló bá yíwọ́ padà, ó ní ọjọ́ nìyẹn. Irú ìrànlọ́wọ́ tí n kò fẹ́ nìyí. Ètò tó bá kọ̀, tó ní ìlà yìí kò yé òun, ọ̀rẹ́ ni. Èyí tó ń fojú díwọ̀n, tó tún dákẹ́, ló ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́.

Mo jókòó ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ méjìlá àkọ́kọ́ nínú oṣù méjìlá jẹ́ 144. Ẹ yọ méjìlá tí kò lè dojú rú, bíi 05/05. Ó ku 132. Ọjọ́ 132 nínú ọdún kan, tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ, ló lè túmọ̀ sí ohun méjì láìsí ẹni tó máa fura.

Wàyí o, ẹ má fọwọ́ kan èyí tó ti bàjẹ́. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn yín ni kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ọjọ́ di oṣù, kí oṣù di ọjọ́. Èmi náà ṣe é rí níbi iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, lórí àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà. N kò mọ̀ pé ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti fọwọ́ tún bí ogójì ṣe nínú wọn. Àwọn ogójì tó ti dára ni mo tún bà jẹ́, alẹ́ méjì gbáko la sì fi wá wọn rí. Ẹ padà sínú ètò àtijọ́, kí ẹ kó o jáde lọ́tun. Bí ẹ bá ti pa á rẹ́, ẹ wá fáìlì CSV àkọ́kọ́ yẹn jáde, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ fi Excel ṣí, nítorí Excel náà kì í rí ohun tó jọ déètì kó má fọwọ́ kàn án. Ẹ bi àwọn onímọ̀ jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, wò. Wọ́n ní jíìnì kan tó ń jẹ́ MARCH1. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, a di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta. Nígbà tó di 2020, àjọ tó ń fún jíìnì lórúkọ sọ ọ́ di MARCHF1. Jíìnì ló yẹ̀ fún Excel, Excel kò yẹ̀ fún jíìnì.

Bí ẹ bá ń kó o jáde lọ́tun, irú èyí ni kí ẹ yàn: 1985-04-03. Nọ́ńbà mẹ́rin fún ọdún, méjì fún oṣù, méjì fún ọjọ́, dáàṣì láàárín wọn. Ìlànà àgbáyé ISO 8601, tó kọ́kọ́ jáde ní 1988, ló là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òdo tó wà níwájú 4 yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Bí ẹ bá kọ 1985-4-3, kọ̀ǹpútà tó ń tò wọ́n bí ọ̀rọ̀ lásán a gbé 1985-10-03 ṣáájú rẹ̀, torí pé 1 ṣáájú 4. Bí òdo bá pé, gbogbo rẹ̀ á tò bó ṣe yẹ.

Níbi tí ẹ ti ń kó o wọlé, ẹ má fi í sílẹ̀ kí ètò yan irú déètì fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó ìlà márùn-ún péré wọlé: ọ̀kan tí ọjọ́ rẹ̀ kò tó 13, ọ̀kan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan tó jẹ́ 1984-02-29, ọ̀kan fún àgbàlagbà tí wọ́n bí ní 1928, àti ọ̀kan tí kò ní ọjọ́ ìbí rárá. Ti àgbàlagbà yẹn ṣe pàtàkì: níbi tí wọ́n bá ti kọ 28 lásán, 2028 ni Excel máa kà á sí. Èyí tí kò ní ọjọ́ ìbí, ẹ jẹ́ kó ṣófo. Ẹ má fi 1900-01-01 dí i, kí ẹ má baà máa kí arúgbó tí kò sí kú ọjọ́ ìbí.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, tiwa kò dojú rú, ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ fi lọ sẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2012-06-18 ti di ti 2012-06-17 nínú fáìlì tí a fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka wa lókè òkun.
Ọjọ́ Kan Ti Sọnù

ÌDÁHÙN: Ẹnìkan ló so aago mọ́ ọjọ́ ìbí. Ká ní aago yín fi wákàtí kan ṣáájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n tiwọn, ohun tó wà nínú fáìlì ni 2012-06-18T00:00:00+01:00. T ló ya ọjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára aago. Ẹ̀ka òkè òkun yí i sí UTC, ó di 2012-06-17T23:00:00Z. Z yẹn ni àmì UTC fúnra rẹ̀. Wọ́n wá gé aago dànù, 17 ló kù sílẹ̀. Ọjọ́ ìbí kò nílò aago, ẹ kọ ọjọ́ nìkan.

Ti ìgbà tí owó wọlé tàbí tí ẹnìkan wọ inú ètò yàtọ̀. Ìyẹn gbọ́dọ̀ ní aago, kó sì ní +01:00 tàbí Z nídìí. RFC 3339, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2002 fún íntánẹ́ẹ̀tì, kò gbà láìsí i. Ẹ má rò pé wákàtí tó pé ni ìyàtọ̀ máa ń jẹ́: Íńdíà jẹ́ +05:30, Nepal sì jẹ́ +05:45. Ìpàdé ọjọ́ iwájú, èmi a máa tọ́jú aago ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é pẹ̀lú orúkọ agbègbè rẹ̀, bíi Asia/Kathmandu, torí ìjọba lè yí aago padà kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Samoa fo ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 2011 pátápátá, wọ́n sun ní ọjọ́ 29, wọ́n jí sí 31. Tiyín ṣì ṣeé wá rí.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fi fáìlì méjì ránṣẹ́ sí wa. Níbi tó yẹ kí déètì wà, 45292 ló wà nínú ọ̀kan, 1704067200000 nínú èkejì.
Ọmọ Iṣẹ́

ÌDÁHÙN: Ọjọ́ kan náà ni méjèèjì, ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2024. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti Excel, tó ń ka ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 1900. (Ó gbà pé 1900 ní ọjọ́ 29 nínú oṣù kejì, kò sì ní. Ọ̀dọ̀ Lotus 1-2-3, ètò ìṣirò àtijọ́ kan, ló ti jogún àṣìṣe yẹn, tí kò sì jẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.) Èkejì ń ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970 ní aago UTC, bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́wàá lẹ rí dípò mẹ́tàlá, ìṣẹ́jú àáyá gan-an ló ń kà. Kí ẹ tó yí ti Excel padà, ẹ bi ẹni tó fi í ránṣẹ́ bóyá orí Mac ló ti wá. Àwọn fáìlì Mac àtijọ́ ń kà láti 1904, ọjọ́ 1,462 sì ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì.