Ológbò aládùúgbò tó sọ ilé mi di ilé rẹ̀

Ìbéèrè: Àsàlámù àléékúmù, Àáfà wa. Aládùúgbò wa kan ra ológbò fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ológbò náà ṣì kéré. Nígbà tó dàgbà tán, kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀ mọ́. Ó ti rù kan egungun, egbò wà létí rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń wá ké lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi. Mo fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan, láti ìgbà náà kò lọ mọ́. Ó ti mu nínú omi alùwàlá mi, ó sì ti tọ̀ sórí ẹní ìkírun mi. Ọkọ mi ní kí n lé e. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí obìnrin tó wọ iná torí ológbò. Bí mo bá lé e, ṣé mo ti dẹ́ṣẹ̀? Bí mo bá ń bọ́ ọ, ṣé kì í ṣe nǹkan onínǹkan ni mo ń fọwọ́ kàn? Ṣé mo lè kúkú gbé e wọlé kó di tèmi? Ìrun mi ńkọ́?

Ìdáhùn: Wà àléékúmù sàlámù. Arábìnrin mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù yẹn kúrò, torí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í gbọ́ ìdáhùn já.

Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànọ́bì, nípa obìnrin tí ẹ dárúkọ yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Abdullah ọmọ Umar ló gbà á wá, ó sì wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí obìnrin náà ṣe dáadáa. Ó ti ológbò mọ́lé títí tó fi kú. Kò bọ́ ọ, kò fún un lómi, kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Títì tó tì í mọ́lé yẹn ni ọ̀ràn náà dúró lé. Ológbò tó ń fo ògiri wá sọ́dọ̀ yín, tó sì ń fò ó padà, ẹ̀yin kọ́ lẹ tì í mọ́lé.

Àwọn onímọ̀ tó ń tẹ̀lé ọ̀nà Ìmáàmù Malik ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tó jọ èyí. Wọ́n ní bí ológbò bá fọ́jú, tó wá há sílé ẹnì kan, tí kò lè jáde lọ mọ́, bíbọ́ rẹ̀ di wáájíbù, ìyẹn ọ̀ranyàn, lọ́rùn onílé yẹn. Ṣùgbọ́n bó bá lè lọ, kì í ṣe wáájíbù, nítorí onílé ní ẹ̀tọ́ láti lé e. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Àwọn àgbà tó jókòó kọ tírà lórí ìnáwó ìyàwó àti ọmọ ráyè ro ti ológbò tó fọ́jú mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ lè lé e, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká léni yàtọ̀ sí ká ṣeni léṣe. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lókùúta, ẹ ò gbọdọ̀ da omi gbígbóná lé e lórí, ẹ ò gbọdọ̀ fi májèlé sí oúnjẹ dè é. Àwọn kan á dì í sínú àpò, wọ́n á lọ jù ú síbi tí kò ti ní mọ̀nà ilé. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni wọ́n dì pọ̀ sínú àpò náà: wọ́n fìyà jẹ ẹ̀dá Ọlọ́hun, wọ́n sì sọ nǹkan onínǹkan nù.

Ẹni tí Ọlọ́hun yóò bi léèrè ebi tó ń pa ológbò yìí ni ẹni tó rà á. Lọ́jọ́ kan, Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, wọ inú ọgbà ọkùnrin kan nínú àwọn ará Mẹ̀dínà. Ràkúnmí kan wà níbẹ̀. Bó ṣe rí Ànọ́bì, ó kérora, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ànọ́bì lọ bá a, ó fọwọ́ pa á lórí títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè pé ta ló ni ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde wá pé òun ni. Ànọ́bì ní ṣé kò bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí ẹran tí Ọlọ́hun fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni? Ó ní ràkúnmí náà fẹjọ́ sùn pé ó ń febi pa òun, ó sì ń lo òun nílòkulò. Abdullah ọmọ Ja'far ló gbà á wá, Abu Dawud sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wo bí Ànọ́bì ṣe tò ó. Ó rẹ ẹran lẹ́kún, ó bèèrè olówó rẹ̀, ó sì bá olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Kò fa ràkúnmí náà lọ sílé ara rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi, mi ò rí i kà pé ẹ ti bá aládùúgbò yín sọ ọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ẹ má lọ sọ fún un pé ó ń febi pa ẹran. Ẹ ní, "Ológbò yín máa ń yà sọ́dọ̀ wa, mo wá rí egbò kan létí rẹ̀, ló ní kí n wá sọ fún yín." Ó ṣeé ṣe kó máa rò pé ológbò náà ń jẹun káàkiri ni kì í fi í bèèrè oúnjẹ nílé. Ológbò náà ò sì ní sọ fún ilé kejì pé òun ti jẹun ní ilé kìíní. Ànọ́bì ní Màlékà Jibril kò yé sọ̀rọ̀ aládùúgbò fún òun títí òun fi rò pé yóò ní kó máa bá èèyàn pín ogún. Ẹ má jẹ́ kí ológbò ba ohun tó tó báyẹn jẹ́ láàárín yín.

Ní ti bíbọ́ rẹ̀, oúnjẹ yín lẹ fún un, ẹ ò mú nǹkan ẹnì kankan. Nígbà tí Ànọ́bì sọ ìtàn ọkùnrin tó sọ̀ sínú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́hun sì torí ẹ̀ foríjì í, àwọn sàábé, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, bèèrè bóyá làádá, ẹ̀san rere, wà fún àwọn lórí ẹranko. Ó ní làádá wà nínú gbogbo ohun abẹ̀mí. Sàráà ni tiyín. Ọjọ́ tí ẹ bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, kò di ẹ̀ṣẹ̀.

Kí ẹ gbé e wọlé kó di tiyín, rárá, àfi kí olówó rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Àìbìkítà kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Hádíìsì kan wà lọ́dọ̀ Abu Dawud pé ẹran tí olówó rẹ̀ kò lè bọ́ mọ́, tó sì tú sílẹ̀ kó máa lọ, ti ẹni tó bá gbé e tó sì mú un yè ni. Àwọn onímọ̀ sì yapa lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tiyín kò le tó bẹ́ẹ̀: aládùúgbò yín wà níbẹ̀, ẹ bi í. Bó bá ní kí ẹ máa mú un lọ, ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, torí Jabir gbà á wá, Muslim sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, pé Ànọ́bì kọ owó orí ológbò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní títà rẹ̀ kò di háráámù, ṣùgbọ́n gbígbà á lọ́fẹ̀ẹ́ yọ yín nínú àríyànjiyàn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ẹ bá tì í mọ́lé, ọrùn yín ni oúnjẹ rẹ̀ wà, a jẹ́ pé hádíìsì tó ń bà yín lẹ́rù yẹn ti wá kàn yín.

Omi alùwàlá yín mọ́. Kabsha ọmọ Ka'b, ìyàwó ọmọ Abu Qatada tó jẹ́ sàábé Ànọ́bì, bu omi alùwàlá fún bàbá ọkọ rẹ̀. Ológbò kan dé, Abu Qatada sì tẹ igbá omi náà fún un títí ó fi mu tẹ́rùn. Ó rí i pé Kabsha ń wo òun, ó ní ṣé ó yà á lẹ́nu ni? Ó ní Ànọ́bì ti sọ pé ológbò kì í ṣe nájísì, ìyẹn ohun ẹ̀gbin, ọ̀kan lára àwọn tó ń rìn yí ká láàárín yín ni. Ìmáàmù Malik kọ ọ́ sínú Muwatta, ìwé hádíìsì rẹ̀. Àfi bí ẹ bá fojú rí ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀gbin lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń mu ún. Irun rẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ aṣọ yín kò ní kí ẹ má kírun, bó bá sì gba iwájú yín kọjá, ìrun yín kò bàjẹ́.

Ìtọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Nájísì ni. Ẹ da omi sójú ibẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ dáadáa tí àbàwọ́n kan ṣì kọ̀ tí kò lọ, ẹ máa kírun yín lórí rẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín pé Ànọ́bì ní ìfẹ́ ológbò wà lára ìgbàgbọ́. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn. Sàábé Abu Hurayra ní ọmọ ológbò tó máa ń bá ṣeré lọ́sàn-án, tó máa ń gbé sórí igi lálẹ́, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, tó túmọ̀ sí Bàbá Ọmọ Ológbò, ti wá. Ìyẹn tó.

Ó ku ti ọkọ yín. Ilé wọn ni, bí wọ́n bá ní ológbò kò gbọdọ̀ wọlé, ẹ má jẹ́ kó wọlé. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí ẹ máa gbé e síta fún un. Aisha, ìyàwó Ànọ́bì, gbà á wá pé bí obìnrin bá ṣe sàráà nínú oúnjẹ ilé rẹ̀ láìfi ṣòfò, yóò gba làádá ohun tó fi tọrẹ, ọkọ rẹ̀ yóò sì gba làádá pé òun ló ṣiṣẹ́ rẹ̀ wálé. Ẹ ka èyí sí wọn létí kí ẹ tó gbé abọ́ síta.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.