Àṣà ìlera tí kì í dúró de iná, owó tàbí ọkọ̀

Ẹnì kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru béèrè bí òun ṣe lè mú àṣà ìlera dúró. Ó ní láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, kò sí ìlànà kankan tí òun mú ṣe tó pé ọ̀sẹ̀ méjì: owó ọkọ̀ ń yí, iná kì í dúró, owó oṣù ń pẹ́, oògùn ń wọ́n sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ara yín ní ọ̀lẹ. Ohun tẹ́ ẹ so ìlànà yẹn mọ́ ló ń yẹ̀.

“Bí iná bá dé” àti “bí mo bá tètè ti ibi iṣẹ́ dé” kò ṣeé so nǹkan mọ́. Ẹ wá ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́ bó ti wù kí ìlú rí: ẹnu fífọ̀, àdúrà ìdájí, ìrun àsùbá. Ẹ so oògùn mọ́ ẹnu fífọ̀. Ẹ má gbé e sí balùwẹ̀ o, ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́; ẹ gbé e sí ibi tẹ́ ẹ ti máa ń mú búrọ́ọ̀ṣì nínú yàrá. Ẹ fi bírò kọ ọjọ́ sẹ́yìn káàdì oògùn náà, lábẹ́ hóró kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò kọ ọ́ ló máa ń dúró lọ́sàn-án tí yóò máa bi ara rẹ̀ pé ṣé mo ti lò ó, tí yóò sì lo méjì.

Bó bá ku hóró méje, ẹ lọ ra òmíràn. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú: owó á fẹ́ tán, wọn á máa lò ó lónìí kí wọ́n fo ọ̀la, tàbí kí wọ́n gé hóró kan sí méjì kó lè pẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á gòkè padà láìjẹ́ pé ara sọ nǹkan kan fún yín. Àwọn oògùn kan sì wà, bíi propranolol àti atenolol, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá pa wọ́n tì lójijì, àyà á máa lù kìkì, ìfúnpá á sì fò sókè. Kówó tó tán ni kẹ́ ẹ lọ bá dókítà tàbí apoògùn yín, kẹ́ ẹ sì sọ iye tó wà lọ́wọ́ yín gan-an. Oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, lè wà láti ilé iṣẹ́ mìíràn lówó pọ́ọ́kú.

Iyọ̀ ni mo gbà pé èrè pọ̀ sí jù, torí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí kò kún òkè. Fún àgbàlagbà mẹ́rin, ó jẹ́ 20 lójúmọ́, 600 lóṣù, tòun ti èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti Indomie. Magí ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Bí ìdajì rẹ̀ ni iyọ̀: hóró gíráàmù 4 kan ní nǹkan bíi gíráàmù 2. Tẹ́ ẹ bá fọ́ márùn-ún sí ọbẹ̀ tí ẹ̀yin mẹ́rin máa jẹ lọ́jọ́ kan, ìdajì ìwọ̀n ọjọ́ náà ti lọ kẹ́ ẹ tó ṣí agolo iyọ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù, ẹ bu gíráàmù 250 sínú ìgò, ẹ kọ déètì sí i lára, kó jẹ́ òun nìkan lẹ ó máa bù sọ́bẹ̀. Tí ẹ bá dín in kù lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ilé ni yóò kọ oúnjẹ. Ẹ máa yọ díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ahọ́n á gbà. Ẹ jẹ́ kí irú, edé, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti efinrin ṣiṣẹ́ magí. Ẹ tọ́ irú wò lọ́jà o, àwọn kan máa ń po iyọ̀ mọ́ ọn kó má bàa tètè bàjẹ́.

Ìrìn ò le: 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ẹ sì lè gé e sí mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tiyín. Kí ìrìn náà yá débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò lè kọrin.

Fún ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá dojú rú, ẹ ti pinnu ìwọ̀n kékeré sílẹ̀: oògùn, ife omi kan, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ọgbà. Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London ṣe ìwádìí bí àṣà ṣe ń mọ́ni lára lórí èèyàn 96, ó jáde ní 2010. Bí ọjọ́ 66 ló gba ẹni tó wà láàárín kí àṣà tó mọ́ ọn lára. Ti ẹlòmíràn jẹ́ 18, ti ẹlòmíràn tó 254. Fífo ọjọ́ kan ṣoṣo kò ba àṣà tẹ́ ẹ ń kọ́ jẹ́. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fo òní, ẹ ṣáà mú ọ̀la.

Oorun: ẹ mú àkókò jíjí kan, kódà tí ooru ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ tètè sùn. Ẹ fi fóònù sí pálọ̀, kẹ́ ẹ má bàa máa ka iye dọ́là lóru. Ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́bàá fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró tí kì í rùn, ojú oorun ló ti ń pani.

Ó ku wíwọn ìfúnpá, níbi tí àṣìṣe pọ̀ sí. Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó. Kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti kọjá lórí kọfí, sìgá àti obì. Obì ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, torí ọ̀pọ̀ kì í kà á kún, bẹ́ẹ̀ kafíìnì wà nínú rẹ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà, láìsí aṣọ lórí rẹ̀. Tí ohun tí wọ́n ń wé mọ́ apá bá kéré jù fún apá yín, yóò máa pe iye tó ga ju ti òótọ́ lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín, láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó lo oògùn àti lálẹ́, fún ọjọ́ méje, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ ṣe ìpíndọ́gba ìyókù. Nílé, 135/85 sókè ti ga. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ bá dókítà.

Tó bá dé 180/120, ẹ sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún un wọ̀n. Tí kò bá wálẹ̀, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n tí àyà bá ń dùn yín, tí èémí ò já gaara, tí ẹnu wọ́, tí ojú ń ṣú tàbí apá kan kú tipiri, ẹ má dúró tún un wọ̀n, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà.