Ṣé lóòótọ́ ni asofẹ́yẹjẹ ń mú ara tutù?

Ìbéèrè: "Ìyá àgbà mi máa ń sọ pé asofẹ́yẹjẹ ló ń mú ara wèrè tutù. Ṣé àkànlò èdè ni, àbí ara náà máa ń tutù lóòótọ́?"

Ẹ kú ìbéèrè. Igi tó ń so fún ẹyẹ jẹ ni; èso rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì máa ń pupa tó bá pọ́n. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni àwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú wèrè. Aláìsàn á mu àgbo rẹ̀, á bì, oorun á sì gbé e lọ. Ohun tí màmá ń wí ni pé ìjà àti ariwo rọlẹ̀.

Ti ooru ara gan-an kò sì jìnnà síbẹ̀, ó kéré tán lára eku. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní reserpine wà nínú gbòǹgbò náà. Ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ oògùn Ciba ní Switzerland yọ ọ́ jáde lára ẹbí igi yìí kan tó ń hù ní Íńdíà. Ó máa ń gbẹ dopamine, noradrenaline àti serotonin, àwọn èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, kúrò nínú ọpọlọ. Eku tí wọ́n bá fún á ká jọ sójú kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ á wálẹ̀, ara rẹ̀ á sì tutù. Ní 1957, onímọ̀ kan, Arvid Carlsson, ní Sweden fún ehoro ní reserpine títí wọn ò fi lè mira. Ó wá fi L-DOPA, tí ara máa ń sọ di dopamine, jí wọn dìde. Iṣẹ́ tó ṣe lórí dopamine ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2000.

Ẹ má wá rò pé ibi tí dopamine bá ti pọ̀ ni ooru wà o. Oògùn kan, apomorphine, ń ṣe bíi dopamine, síbẹ̀ ńṣe ló ń sọ ara eku di tútù. Haloperidol, tí wọ́n ń fún alárùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn, sì lè dá a dúró. Oògùn amphetamine tún yàtọ̀. Òun ń tú dopamine jáde. Nínú yàrá tó móoru, ó máa ń mú ara eku gbóná débi pé ó lè kú. Nínú yàrá tó tutù nini, ara eku kan náà á tutù sí i. Ẹni tó bá ka irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láìbéèrè bí yàrá ṣe gbóná tó, kò tíì kà á.

Ní ti èèyàn, àwọn dókítà ti lo reserpine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù. Ẹ má ṣe wá gbòǹgbò yẹn sè nílé.